Ẹran Ọ̀sìn Tí Kì Í Ké: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Máa Sin Ẹja Nínú Àpótí Gíláàsì

Alága ìjókòó wa, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí tí ẹ kó àwọn ọmọ yín lẹ́yìn wá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti gba ìjókòó iwájú kí n tó dé, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ pè mí láti wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn, tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, tí ó sì ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ títí di òní, ìyẹn ẹja sísìn nínú àpótí gíláàsì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní akuéríọ̀mù.

Ìbéèrè ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ebi bá ń pa ewúrẹ́, ta ni kò ní mọ̀ ládùúgbò? Bí nǹkan bá ń ro ajá lára, ǹjẹ́ kò ní hu títí ẹni tí ó ni ín yóò fi jí? Adìẹ pàápàá, bí ejò bá yọ sí i nínú ilé rẹ̀, yóò ké, yóò gbọn ìyẹ́, ilé kò sì ní rójú. Ẹja ńkọ́? Bí omi tí ó fi ń mí bá di oró, tí ó ń ta á lára láti orí dé ìrù, ohùn wo ni yóò fi ké pè yín? Kò ní ohùn tí yóò la omi àti gíláàsì kọjá dé etí yín lórí ibùsùn. Yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ óò bá a lójú omi tí ikùn rẹ̀ kọjú sókè. Ẹran ọ̀sìn tí kì í ké ni ẹja. Ẹni tí yóò bá sìn ín gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń mọ ohun tí ẹnu kò sọ, ẹ̀kọ́ náà gan-an ni mo sì gbé wá fún yín lónìí.

Ẹja mẹ́fà tí mo kọ́kọ́ rà

Kí n tó kọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ọjọ́ tí mo ra àpótí gíláàsì mi àkọ́kọ́ ni mo ra ẹja mẹ́fà. Mo fọ àpótí náà, mo to òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo pọn omi ẹ̀rọ kún un, mo sì da ẹja sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó tà wọ́n fún mi kò bi mí léèrè ọjọ́ tí mo pọn omi, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí ó bi mí. Omi náà mọ́ gaara. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé àga sí iwájú rẹ̀, tí mo sì jókòó tì í di òru.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn fara pamọ́ sí igun, kò jẹun mọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, méjì ń la ẹnu lójú omi bí ẹni tí èémí ń wọ́n. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo da gbogbo omi nù, mo fọ òkúta, mo fún fóòmù inú asẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń sẹ́ omi inú àpótí, lábẹ́ omi ẹ̀rọ títí ó fi funfun, mo sì pọn omi mìíràn sí i. Oore ni mo rò pé mò ń ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú tán.

Kì í ṣe àrùn ló pa wọ́n. Àìmọ̀ mi ni. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ará iwájú bá ṣubú, ará ẹ̀yìn a kọ́gbọ́n.

Ohun tí ojú kò rí nínú omi

Kókó àkọ́kọ́, tí n ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù, ni omi. Ẹni tí ó bá rò pé ẹja ni òun ń sìn kò tíì mọ iṣẹ́ tí ó gbé dání. Omi ni à ń tọ́jú. Bí ara omi bá dá, ara ẹja yóò dá.

Ẹ wò ó báyìí. Nínú odò, ẹja ń jẹ, ó ń yà, odò sì ń ṣàn án lọ. Nínú àpótí, nǹkan kan kì í lọ síbì kan. Omi tí ẹja fi ń mí náà ni ó ń ṣe ìgbẹ́ àti ìtọ̀ sí. Oró kan wà tí à ń pè ní amóníà, láti ibi ẹ̀yà ìmí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹja ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń jáde. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ sì ń jẹrà, àwọn náà ń di amóníà. Oró yìí kò ní àwọ̀. Ìwọ̀n tí ó lè ṣe ẹja ní jàǹbá kéré ju èyí tí imú wa lè gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí omi mi fi mọ́ gaara lójú tí ó sì ń pa ẹja. Ǹjẹ́ ẹ rí i pé ojú nìkan kò tó láti fi mọ omi?

Báwo wá ni ẹja ṣe ń yè nínú àpótí àwọn ẹlòmíràn? Àwọn òṣìṣẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tí ojú kò lè rí, ìyẹn bakitéríà. Ọ̀wọ́ kan nínú wọn ń jẹ amóníà, wọ́n sì ń sọ ọ́ di nitrite. Ẹ má ṣe yọ̀ kíákíá, nítorí oró ni nitrite náà: ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé ọ́síjìn mọ́, débi pé ẹja lè máa kú nítorí àìrí èémí mí nínú omi tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀. Ọ̀wọ́ kejì ni ó ń jẹ nitrite yìí, tí ó sì ń sọ ọ́ di nitrate. Orúkọ méjèèjì jọra, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ: nitrite ló ń pa ẹja kíákíá, nitrate kò le tó o. Ewé omi ń fi nitrate ṣe oúnjẹ, èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù, à ń dín in kù nígbà tí a bá pààrọ̀ omi.

Ara nǹkan ni àwọn bakitéríà yìí ń gbé: ara òkúta, ara ewé, ara gíláàsì, ibùgbé wọn tí ó tóbi jù sì ni fóòmù inú asẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni omi tí ó ní ọ́síjìn ti ń gba kọjá láìdúró. Nínú àpótí tuntun, wọn kò tíì sí. Ó máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ tí à ń retí lọ́wọ́ wọn. Kí àwọn tèmi tó dé, ẹja mi ti lọ. Èyí tí ìbá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú fóòmù náà, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún un dànù sábẹ́ ẹ̀rọ omi.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ọkùnrin onímọ̀ kẹ́mísírì kan wà ní London tí ń jẹ́ Robert Warington. Ní 1849, ó fi goldfish, ìyẹn ẹja aláwọ̀ wúrà, kékeré méjì sínú omi pẹ̀lú ewé omi tí ń jẹ́ Vallisneria, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ewé àti ẹja lè gbé ara wọn ró. Nǹkan ń lọ dáadáa títí àwọn ewé tí ó gbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, tí omi sì dàrú. Kí ni Warington ṣe? Kò da omi nù bí èmi ti ṣe. Ó ronú nípa adágún odò, ó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé ta ni ó ń palẹ̀ ewé jíjẹrà mọ́ níbẹ̀, ó sì lọ mú ìgbín inú omi wá. Ìgbín jẹ ewé tí ó ti bàjẹ́, omi là, ẹja sì rí ẹyin ìgbín jẹ. Ní 1850 ni ó ka ìròyìn iṣẹ́ yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ nípa àwọn bakitéríà tí mo ń sọ. Nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Sergei Winogradsky, ṣàwárí wọn. Síbẹ̀, Warington ti rí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù: pé àpótí ẹja kì í ṣe àwo tí à ń fọ̀, adágún odò kékeré ni, olúkúlùkù ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ẹ ra àpótí, ẹ to òkúta, ẹ gbin ewé omi, ẹ pọn omi, ẹ tan asẹ́, kí ẹ má sì fi ẹja kankan sí i. Lójoojúmọ́, ẹ máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú rẹ̀ kí ó jẹrà, kí àwọn bakitéríà lè rí amóníà jẹ. Ẹ ra ohun èlò tí a fi ń dán omi wò, èyí tí à ń kán sínú omi nínú ìgò kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì yí padà. Ẹ óò rí i tí amóníà yóò gòkè tí yóò sì wálẹ̀. Nitrite yóò gòkè lẹ́yìn rẹ̀, òun náà yóò wálẹ̀. Ọjọ́ tí amóníà bá jẹ́ òdo, tí nitrite jẹ́ òdo, tí nitrate sì ti yọjú, ọjọ́ náà ni omi yín di omi ẹja. Ẹ pààrọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ láti dín nitrate kù, kí ẹ sì mú ẹja díẹ̀ wọlé, kì í ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí ẹja bá ti pọ̀ sí ni àwọn bakitéríà náà gbọ́dọ̀ rí àyè pọ̀ sí i. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tí àpótí rẹ̀ ti pẹ́ tí àrùn kò sì sí níbẹ̀, ẹ tọrọ ẹ̀já fóòmù asẹ́ rẹ̀. Ìyẹn yóò gé ìdúró yín kúrú gan-an.

Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí ẹja jẹ́ ìyà fún ọmọdé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sunkún nígbà tí mo sọ fún un. Mo fún un ní ìwé kan, mo ní kí ó máa kọ nọ́ḿbà ìdánwò sílẹ̀ ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì, kí ó sì fi pẹ́ńsù aláwọ̀ ya ilà wọn. Ní ọjọ́ kejìlélógún, ilà nitrite bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọmọ náà sáré wá bá mi, ó ń pariwo pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ti dé! Kò tíì ní ẹja kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó ti di olùtọ́jú omi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àpótí ọmọ yẹn ṣì wà títí di òní.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Ẹ máa pààrọ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi, nítorí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni nitrate ṣe ń pọ̀ láìfura. Ẹ má ṣe da gbogbo omi nù. Bí ẹ bá fẹ́ fọ fóòmù asẹ́, inú omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bù kúrò nínú àpótí ni kí ẹ ti fún un, kì í ṣe abẹ́ ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí ń pèsè omi sábà máa ń fi chlorine pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀ kí ó má bàa ṣe wá ní jàǹbá, chlorine kan náà sì ń bó ẹ̀yà ìmí ẹja, ó sì ń pa àwọn bakitéríà wa. Omi tí a gbé kalẹ̀ láìdérí fún ọjọ́ kan lè bọ́ lọ́wọ́ chlorine, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ń lo chloramine, ìyẹn chlorine tí a pò mọ́ amóníà, ìgbékalẹ̀ kò ràn án. Oògùn omi tí a ṣe fún ẹja ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ka ara ìgò rẹ̀ bóyá ó kápá méjèèjì. Kí ìgbóná omi tuntun bá ti àtijọ́ dọ́gba.

Ẹnìkan yóò ní, nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, n ó ra àpótí kékeré. Àpótí kékeré ló le jù! Ẹ da ṣíbí iyọ̀ kan sínú ife omi, ẹ da ṣíbí kan náà sínú àgbá ńlá, kí ẹ sì tọ́ méjèèjì wò. Bí oúnjẹ bá ṣèèṣì pọ̀ tàbí tí ẹja kan bá kú sábẹ́ òkúta, omi púpọ̀ yóò fún yín láyè láti mọ̀ kí ó tó bàjẹ́. Àpótí 60 lítà sókè ni mo máa ń sọ fún ẹni tí ó bá bi mí. Ṣùgbọ́n lítà omi kan wúwo tó kílógíráàmù kan, nítorí náà 60 lítà ti wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ kí a tó ka òkúta àti gíláàsì. Ẹ má gbé e ka orí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ

Kókó kejì ni pé kí á mọ ẹja kí á tó rà á. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ra ẹja, tí ó wá lọ ń béèrè irú ẹja tí ó jẹ́, ti fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ kí á mú goldfish. Àwọn ará Ṣáínà ti ń sìn ín láti nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, kò sì sí ẹja tí a ń fi ìyà jẹ tó o. Kékeré ni a máa ń rà á, a ó sì gbé e sínú abọ́ gíláàsì roboto. Goldfish tí kì í ṣe ti ẹlẹ́wà onírù méjì lè gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè lo 10 ọdún sí 20 láyé bí ìtọ́jú bá wà. Ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Tish. 1956 ni wọ́n gbà á níbi àríyá ìta gbangba, 1999 ni ó sì kú, lẹ́ni ọdún 43. Ṣé abọ́ roboto ni ẹ fẹ́ fi irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ sí? Abọ́ náà kò ní àyè fún asẹ́, bí a bá sì pọn omi dé ọrùn rẹ̀, ojú omi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé yóò há. Ní Ítálì, ìlú Monza fi òfin de abọ́ yìí ní 2004, ìlú Rome sì tẹ̀lé e ní 2005. Mo rò pé òfin tí ó dára ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹja kì í dàgbà ju ibi tí a bá fi í sí. Ẹ má gbà á gbọ́. Ìdàgbàsókè rẹ̀ lè fà sẹ́yìn nítòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé omi rẹ̀ ti bàjẹ́ tí àyè sì há mọ́ ọn ni. Ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò gé kúrú. Ọmọ tí ebi kò jẹ́ kí ó ga, ṣé ẹnikẹ́ni yóò sọ pé ó mọ ìwọ̀n ilé bàbá rẹ̀ ni?

Betta náà ń bẹ, ẹja ilẹ̀ Thailand tí lẹbẹ rẹ̀ gùn bí aṣọ ìlékè, tí ìjọba ibẹ̀ sọ di ẹranko omi orílẹ̀-èdè wọn ní 2019. Ọlọ́run dá a pẹ̀lú ẹ̀yà kan lórí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ lójú omi, ohun tí ó sì fà á nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á nínú ife. Ṣùgbọ́n mímí afẹ́fẹ́ kò ní kí ó má yàgbẹ́ sínú omi. Òun náà fẹ́ omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, asẹ́ tí omi rẹ̀ kì í ru, àti àyè tí yóò fi na ara. Akọ méjì kò gbọ́dọ̀ pàdé. Ìjà àjàkú ni wọn yóò bá ara wọn jà.

Òdì kejì rẹ̀ ni neon tetra, ẹja wẹ́wẹ́ odò Amazon tí ara rẹ̀ ń dán bí iná. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ó sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an fún ẹja yìí. Bí ẹ bá ra méjì, ìbẹ̀rù ni wọn yóò fi lo ọjọ́ ayé wọn, àwọ̀ wọn yóò ṣí, wọn yóò sì máa sá pamọ́. Mẹ́fà ló kéré jù. Mẹ́wàá sàn jù bẹ́ẹ̀.

Guppy, ẹja wẹ́wẹ́ mìíràn, kì í yé ẹyin, ọmọ ni ó ń bí, ó sì lè bímọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Abo rẹ̀ lè tọ́jú àtọ̀ akọ pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí yóò máa bímọ láìrí akọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́rin lè ní ọgọ́rùn-ún láìtíì mọ ibi tí yóò kó wọn sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akọ nìkan. Ẹ má sì kó goldfish tí ó fẹ́ omi tútù pọ̀ mọ́ ẹja omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀kan nínú wọn yóò jìyà ṣáá ni.

Bí a ti ń gbọ́ ohun tí ẹja kò sọ

Ẹnìkan bi mí nígbà kan pé, ṣé ẹja tilẹ̀ ń mọ ìrora? Ní 2003, olùwádìí kan, Lynne Sneddon, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland fi abẹ́rẹ́ fún ẹja trout ní oró oyin tàbí omi kíkan ní ètè. Àwọn ẹja náà kọ oúnjẹ, òmíràn ń mì jìgìjìgì lórí ìsàlẹ̀ omi, òmíràn ń fi ètè ra òkúta. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní oògùn apàrora, ìṣe náà dínkù. Ní 2016 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí mìíràn fi hàn pé ẹja archerfish, tí ń tu omi lu kòkòrò lókè, lè dá ojú ènìyàn kan tí ó ti mọ̀ mọ̀ láàárín ojú 44 mìíràn. Ẹ̀dá tí ó lè dá ojú wa mọ̀, ṣé kò yẹ kí àwa náà mọ ojú tirẹ̀?

Ara ni ẹja fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń la ẹnu lójú omi, èémí ń wọ́n ọn: ẹ wo ọ́síjìn, ẹ wo ìgbóná omi, nítorí omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn tó tútù. Bí ó bá ká lẹbẹ mọ́ ara, tí ó dúró sójú kan, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣí, ohun kan ń ni ín lára. Bí ó bá ń fi ara ra òkúta, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò ti bà lé e, bí ẹ bá sì rí èyí tí ó dà bí èérún iyọ̀ lára rẹ̀, àrùn àmì funfun ni. Kòkòrò àrùn yìí ń sá sábẹ́ awọ ẹja níbi tí oògùn kò lè dé e. Yóò já bọ́, yóò pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún nísàlẹ̀ omi, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa wẹ̀ kiri láti wá ẹja mìíràn. Ìgbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ kiri yìí nìkan ni oògùn ń pa wọ́n. Ẹni tí ó bá dá oògùn dúró nítorí pé àmì ti lọ lára ẹja ti dá a dúró níbi tí ìjà kù sí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó na ọwọ́ sí oògùn kankan, ẹ dán omi wò. Nínú gbogbo ìpè tí àwọn alábẹ̀ẹ̀rẹ̀ ń pè mí, ìdáhùn sí èyí tí ó pọ̀ jù ti wà nínú omi wọn. Ẹja tuntun kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sínú agbo lọ́jọ́ tí ó dé: bí àyè bá wà, ẹ fi í sí àpótí ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Nígbà tí ẹ bá gbé e dé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ léfòó lórí omi yín fún ìṣẹ́jú 15 kí ìgbóná wọn lè dọ́gba, ẹ máa bu omi yín díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ wá fi àwọ̀n mú ẹja náà wọlé, kí ẹ sì da omi ọ̀rá nù.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó tó. Ẹja tí ó sáré wá sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì nígbà tí ó rí yín kò túmọ̀ sí pé ebi ń pa á. Ó ti mọ̀ yín mọ oúnjẹ ni.

Ibi tí ẹja ti wá, àti ibi tí kò gbọdọ̀ lọ

Èyí tí ó kù ni ojúṣe wa sí àwọn omi tí kì í ṣe tiwa. Ọ̀pọ̀ ẹja omi dídùn tí à ń tà ni a bí sínú oko ẹja, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ẹja inú òkun ni wọ́n ń lọ mú láti ibùgbé wọn. Ní Philippines àti Indonesia, àwọn apẹja kan ti ń fọ́n májèlé cyanide sáàárín àwọn òkúta iyùn kí ẹja lè dákú kí wọ́n sì rí i mú wẹ́rẹ́, iyùn náà a sì kú. Ẹ béèrè ibi tí ẹja ti wá lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Bí kò bá mọ̀, tàbí tí kò fẹ́ sọ, ẹ fi í sílẹ̀. Alábẹ̀ẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ kí ó fi ẹja òkun bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọdé gbọ́ dáadáa nìyí: ẹ má ṣe da ẹja àpótí sínú odò láé. Yóò dà bí àánú lójú yín, pé ẹ tú u sílẹ̀ kí ó lómìnira. Ẹja lionfish, ará òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, ni wọ́n rí ní etíkun Florida ní 1985, ìgbàgbọ́ àwọn onímọ̀ sì ni pé inú àpótí àwọn tí ń sin ẹja ni ó ti jáde. Lónìí, ó ti tàn ká òkun Caribbean títí dé Brazil. Ẹ̀gún olóró ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹja ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì ń jẹ àwọn ọmọ wọn ní àjẹrun. Goldfish kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ní 2021, ìlú Burnsville ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Amẹ́ríkà, bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n yéé da goldfish sínú adágún, nítorí pé wọ́n ń rí àwọn tí ó ti di gìdìgbà níbẹ̀, tí wọ́n ń hú ìsàlẹ̀ omi tí omi sì ń dàrú.

Bí ó bá sú yín, tàbí tí ẹ ń kó lọ sí ibòmíràn, ẹ dá ẹja padà fún olùtajà, tàbí kí ẹ fún ẹlòmíràn tí ń sin ẹja. Ewé omi tí ẹ kò fẹ́ mọ́, ẹ sá a kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó jù ú sí ibi ìdalẹ̀sí. Omi tí ẹ bá bù kúrò, ìdí igi ọ̀gbìn ni kí ẹ dà á sí. Wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè méjì tí mo dáhùn kí a tó dìde

Bàbá kan béèrè pé, bí iná bá lọ ńkọ́? Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀rù ebi kọ́ ni kí ó bà yín, ẹ̀rù ọ́síjìn ni. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ títí iná yóò fi dé. Ẹ fi ife bu omi inú àpótí, ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ dà á padà sínú rẹ̀ léraléra kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú omi. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí ń lo bátìrì sì dára láti ní nílé. Àwọn bakitéríà inú asẹ́ náà ń mí ọ́síjìn, nítorí náà bí iná bá pẹ́ kí ó tó dé, ẹ fọ fóòmù nínú omi àpótí kí ẹ tó tan asẹ́ padà, kí ẹ sì dán omi wò ní ọjọ́ kejì.

Ìyá kan béèrè pé òun fẹ́ rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́wàá, ta ni yóò bá òun bọ́ ẹja? Mà, ẹja tí ó ti dàgbà tí ara rẹ̀ sì dá lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìjẹun. Ìrìn àjò mi kan ni mo gbé àpótí lé àbúrò mi lọ́wọ́, mo sì gbé odidi agolo oúnjẹ tì í. Ìfẹ́ ló ní sí wọn, ó ń fún wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Nígbà tí mo fi dé, omi ti funfun bíi wàrà. Láti ìgbà náà, mo máa ń wọn oúnjẹ sínú bébà wẹ́wẹ́, ọ̀kan fún ọjọ́ méjì méjì, mo sì máa ń kọ ọjọ́ sára wọn. Ti yín yóò jẹ́ bébà márùn-ún. Ẹ kó wọn lé ẹni tí yóò bá yín ṣe é lọ́wọ́, kí ẹ sì gbé agolo yòókù pamọ́ kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn.